Ọwọ́ Òsì Lẹ́nu Géètì

Ìròyìn náà fi odidi òru kan pẹ́ kí ó tó wọ ilé náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lọ ti sùn mọ́jú nínú ilé ọ̀hún, ó ti jẹ oúnjẹ alẹ́ àná lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń súfèé lọ́wọ́ nínú balùwẹ̀.

Aránṣọ yàrá kejì ló gbé e wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn. Bàtà ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀, téèpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi ètè há abẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹnu, tó fi jẹ́ pé ó ní láti kọ́kọ́ yọ wọ́n kí ó tó ráyè pariwo.

"Alága, ẹ ti gbọ́?"

Ìyá ń gé búrẹ́dì lọ́wọ́. Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é láti ọjọ́ tí àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ òwú ti dáṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. "Kí ni mo fẹ́ gbọ́ láàárọ̀ kùtù yìí? Ẹ jókòó, ẹ mu tíì."

"Tíì kọ́! Àwọn ọkùnrin ti tọwọ́ bọ̀wé! Láti ọ̀sán àná! Àbúrò mi tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ló ń sọ ọ́ fún mi báyìí bí ẹni ń pa ìtàn. Wọ́n ti fi kún owó àwọn ọkùnrin. Wọ́n ní tiyín, àwọn á gbé e yẹ̀ wò."

Ìyá àgbà, tó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi orí díẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń gbé e yẹ̀ wò," ó wí. "Ọwọ́ á ti máa ro wọ́n."

"Lọ́la, bí fèrè ilé iṣẹ́ bá ti fọn," Aránṣọ ń bá a lọ, "gbogbo wọn ń wọlé nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin tuntun ni wọ́n máa kó sídìí ẹ̀rọ yín. Wọ́n ní ọkọ̀ méjì ni wọ́n fi ń kó wọn bọ̀."

Súfèé inú balùwẹ̀ dúró.

Ọmọbìnrin ilé náà wà lórí ìkúnlẹ̀ nígun yàrá, ó ń fẹ́ ẹ̀rún igi kúrò lára pákó tó ń gbẹ́. Agbẹ́pákó ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó tún rántí orúkọ mìíràn fún un. Bí súfèé náà ti dúró ni ohun kan yé e tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àná: ìdí tí bàbá òun, ẹni tí kì í ṣan ife tó fi mumi, fi fọ gbogbo abọ́ ilé lálẹ́, tó sì tò wọ́n bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń tò lórí ìlà.

Bàbá jáde, ó so táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ìdí, ó ń wo òrùlé.

"Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé."

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi," Ìyá wí. "Omi yẹn gbóná dáadáa?"

"Ó gbóná."

"Ó dáa. Ìwé tí ẹ tọwọ́ bọ̀ lánàá ńkọ́? Ṣé òun náà gbóná?"

Aránṣọ rí i pé ibi tí òun fẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ dé yìí, ó fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ," Bàbá wí.

"Nígbà wo?"

"Lálẹ́ àná. Àmọ́ oúnjẹ wà lẹ́nu mi."

"Lẹ́ẹ̀mejì," Ìyá àgbà wí. Òun ló bí Bàbá, kò sì sí ẹ̀sùn ọmọ rẹ̀ kan tí kì í bá a kà.

Bàbá fi ọwọ́ òsì nu ojú. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Nínú gbogbo mẹkáníìkì ilé iṣẹ́ òwú, òun nìkan ló ń fi ọwọ́ òsì mú sípánà, Ọ̀gá Òsì ni wọ́n sì ń pè é láti ẹnu géètì títí dé ìdí ẹ̀rọ tó kẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba èyí ná," ó wí. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

"Imú ti wọgbà lóòótọ́," Ìyá dáhùn. "Àwa tí a jẹ́ ìdí ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ìta náà la máa wà?"

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi téèpù bo ẹnu.

"Èmi nìkan kọ́ ni mo tọwọ́ bọ̀ ọ́!"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa tún ẹ̀rọ ṣe bí ẹ̀yin ò bá wọlé? Ẹ̀rọ tí kò lẹ́ni tó mọ inú rẹ̀, irin lásán ni. Àwọn ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò mọ bí ẹ ti tó."

Bàbá wọ yàrá. Ó wọṣọ kíákíá, ó ní òun ń lọ gẹrun.

"Ẹ lọ gẹrun," Ìyá wí. "Ẹni tó ń lọ wọlé lọ́la, ó yẹ kí ẹ̀yìn orí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn náà la máa rí."

Nígbà tó jáde tán, Ìyá padà sídìí búrẹ́dì. Ó gé ọ̀kan tínrín bíi bébà, ó gé èkejì nípọn bíi bíríkì. Agbẹ́pákó mọ̀ pé bí ìyá òun ṣe ń sunkún nìyẹn.

Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Igi pẹlẹbẹ kan ni, ó lókùn nídìí, igi ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ mú un lọ́wọ́ kí fọ́máànù tó jẹ́ kó kọjá, ọ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ṣe fún ogójì obìnrin. Àwọn ọkùnrin ò ní igi kankan. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń mu sìgá níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan aboyún kan dúró de igi náà títí ìtọ̀ fi dà sí i lẹ́sẹ̀, fọ́máànù sì rẹ́rìn-ín. Ìyá pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rìn lọ síbi ìṣó tí wọ́n ń fi igi ìyọ̀ǹda kọ́, ó mú un, ó tì í sí àyà, ó sì gba ẹnu géètì jáde. Àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹta ni àwọn ọkùnrin tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Òní pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ilé iṣẹ́ sì ti lẹ ìwé mọ́ géètì lẹ́ẹ̀mejì pé ẹrù kan nínú ẹrù àwọn sọnù, kí ẹni tó bá rí i dá a padà.

"Agbẹ́pákó."

"Mà."

"Àwòrán ẹ ti ṣe tán?"

"Ó kù díẹ̀, Màámi. Igun kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú rẹ̀ tí n kò tíì gbẹ́. N kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi síbẹ̀."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òní la máa tẹ̀ ẹ́. Kí fèrè tó fọn lọ́la, mo fẹ́ kó wà lára gbogbo ògiri tí ọkùnrin kankan máa gbà kọjá lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ wọlé, kí wọ́n kọ́kọ́ rí wa."

Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni Agbẹ́pákó gbẹ́ àwòrán náà sí. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u, láti ọjọ́ náà sì ni àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ti wà níta gbangba bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ balùwẹ̀. Bàbá ráhùn fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó mú irin agbòòrùn tó ti bàjẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ó pọ́n wọn lójú òkúta, ó sì gbé ọ̀bẹ kéékèèké mẹ́rin wá fún ọmọ rẹ̀: ọ̀kan fún ìlà tínrín, ọ̀kan fún ìlà tó fẹ̀, ọ̀kan fún igun, ọ̀kan tí kò mọ ohun tí yóò wúlò fún ṣùgbọ́n tó lẹ́wà. Àwọn ọ̀bẹ yẹn ni Agbẹ́pákó fi gbẹ́ ogójì obìnrin sára ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn, tí oòrùn bá bọ́ sórí pákó, á máa rò pé wọ́n ń mí.

Kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìgò tó fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé ló fi ń yí yíǹkì. Yíǹkì náà, èyí tó ṣẹ́ kù sídìí agolo onítẹ̀wé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni. Bébà rẹ̀ ni èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń di òwú. Ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń kó o wálé láti fi bo ìwé ọmọ wọn. Ṣíbí ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́: á tẹ́ bébà lé pákó tó ti ní yíǹkì lára, á sì máa fi ẹ̀yìn ṣíbí ra ẹ̀yìn bébà náà, díẹ̀díẹ̀, títí àwòrán yóò fi gbà. Ṣíbí kan, àwòrán kan, ìdajì wákàtí. Báwo ni ọgọ́ta tó máa kárí àwọn ògiri ṣe fẹ́ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú?

"Ṣíbí la nílò," ó wí. "Ṣíbí púpọ̀."

Aránṣọ ti dìde, bàtà òdì náà ń gbá a lẹ́sẹ̀. "Ṣíbí? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Kí ó tó di ọ̀sán, ṣíbí ti tán ládùúgbò. Àwọn obìnrin ń wọlé ní méjì-méjì, pẹ̀lú ṣíbí onírin, ṣíbí onígi, ṣíbí tíì, ṣíbí ọbẹ̀. Ẹnì kan mú ṣíbí ìgbéyàwó rẹ̀ wá, èyí tí kò tíì yọ nínú páálí láti ọjọ́ náà. Ó ní òun ti ń dúró de àlejò pàtàkì, òun kò mọ̀ pé òun gan-an ni àlejò náà. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lé orí tábìlì, wọ́n yí i ká.

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n yí yíǹkì dọ́gba," Agbẹ́pákó ń bẹ̀ wọ́n. Ó yí ìgò yíǹkì lọ, ó yí i bọ̀, títí pákó fi ń dán. Ó tẹ́ bébà lé e bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. "Ó yá. Ẹ má yára. Kí bébà má sún o."

Ṣíbí mẹ́wàá bọ́ sórí bébà.

"Rọra! Ìdí mi lò ń ha yẹn."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ìdí ẹ ni?"

"Ta ló tún nírú ìdí báyìí nínú ẹgbẹ́ wa?"

"Ta lẹni tó ń fi ṣíbí ọbẹ̀ ra mí lójú? Ṣíbí yẹn ṣì ń rùn àlùbọ́sà!"

Ìyá ò mú ṣíbí. Ó ti ọwọ́ bọ àyà, ó fa igi ìyọ̀ǹda yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra apá ibi tí géètì wà. Gbogbo wọn ń wò ó. Igi náà ń yọ̀ lórí bébà láìkọsẹ̀, kò ya á, kò fà á. Àtẹ́lẹwọ́ ogójì obìnrin ti fi ọdún mẹ́sàn-án dán an, ó ń kọ mànà.

"Ẹrù tó sọnù ti rí iṣẹ́," aboyún ìjọ́sí wí láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Nígbà tí ó tó, Agbẹ́pákó di etí bébà mú, ó ká a sókè.  Géètì dúró gangan. Símínì ilé iṣẹ́ kò yọ èéfín. Lábẹ́ rẹ̀ ni ogójì obìnrin jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ nínà, orí sókè, Ìyá níwájú pátápátá, igi ìyọ̀ǹda lọ́rùn rẹ̀ bí ẹ̀gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá ni ibi dúdú tí ọ̀bẹ kò tíì kàn. Ní igun kejì, ọkùnrin kan kẹ́yìn sí gbogbo wọn, ó ń wọlé lọ, sípánà lọ́wọ́.

Wọ́n wá ara wọn, wọ́n rí ara wọn. Wọ́n ń pariwo. Ẹnì kan ní imú òun ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì fi dá a lójú pé ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú, tí kò sì ní ojú tirẹ̀ láti wá, ló kọ́kọ́ wo igun yẹn.

"Yéè," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ọ̀gá Òsì kọ́ nìyí?"

Agbẹ́pákó wò ó. Ọwọ́ òsì ni sípánà wà.

Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán pákó ṣe ń ṣe: ohun tó wà lọ́tùn-ún lára pákó, òsì ni yóò bọ́ sí lórí bébà. Agbẹ́pákó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó ti mọ ọ̀nà ilé. Dígí Ìyá àgbà ló gbé ka iwájú nígbà tó ń gbẹ́ géètì, òun náà ló fi gbẹ́ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí, ìkẹyìn ló fi í síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹnu géètì má bàa ṣófo. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ẹnikẹ́ni ni. Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn gbogbo wọn ló gbẹ́: bí ọkùnrin kan bá lọ wọlé ńkọ́? Ó fi sípánà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún bíi gbogbo ènìyàn, kò sì wo dígí. Wàyí o, sípánà ti bọ́ sọ́wọ́ òsì, ẹnikẹ́ni ti di bàbá rẹ̀.

"Àṣìṣe ni!" ó wí. "Màámi, mo gbàgbé dígí ni! Ẹ̀yin Ìyá àgbà, àṣìṣe ni!"

"Gbé e wá," Ìyá àgbà wí.

Ó gbé bébà tútù náà lọ bá a. Arúgbó náà wò ó pẹ́. Ó nawọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀yìn ọmọ mi nìyí," ó wí. "Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Ó tún wo sípánà náà.  "Wọn ò sọ ohun tí a ó ṣe bó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni baba náà ní."

Ó dá bébà padà, ó yí ojú sí fèrèsé.

Gbogbo wọn wo Ìyá. Obìnrin kan tilẹ̀ mú ọ̀kan nínú ọ̀bẹ agbòòrùn, ó nà án sí Agbẹ́pákó, bóyá kí ó tètè pa á rẹ́. Ìyá fẹ́ atẹ́gùn sí igi ìyọ̀ǹda.

"Ẹni tó gbẹ́ ẹ ló lọ̀bẹ," ó wí. "Ẹ yí yíǹkì sí i. Ó kù mọ́kàndínlọ́gọ́ta."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jà sí àyè, wọ́n ń fi yíǹkì kun ara wọn nímú. Agbẹ́pákó ń fi àwọn àwòrán kọ́ sórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí lẹ́yìnkùlé, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, kò sì wo igun yẹn mọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé ogún, Aránṣọ yọ ọ̀kan tó ti ń gbẹ, ó ní òun ń lọ yá ṣíbí sí i lọ́wọ́ onígbàjámọ̀.

"Ṣé onígbàjámọ̀ ní ṣíbí ni?" ẹnì kan bi í.

"Èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè ná," ó wí, ó sì ti lọ.

Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tí Bàbá wọlé. Ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n gẹ̀. Aṣọ funfun onígbàjámọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, irun ọwọ́ ọ̀tún sì dúró bí ọgbà tí ẹni tó ni ín lọ sájò. Onígbàjámọ̀ ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀! Ẹ ro orúkọ mi! Wọ́n á ní èmi ni mo ṣe báyìí!"

Ṣíbí dúró lórí bébà. Ogún obìnrin wò ó.

"Oúnjẹ mi ńkọ́?" Bàbá béèrè, ohùn rẹ̀ ga.

"Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò," Ìyá wí.

Bàbá bu ẹ̀wà sí abọ́. Ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò nílẹ̀kùn. Ó wo inú agbọ̀n. Ó wo abẹ́ àwo. Lẹ́yìn náà ló wá wo tábìlì, ó sì rí ṣíbí ọgbọ̀n ó lé, gbogbo rẹ̀ dúdú bíi ìdí ìkòkò, àwọn obìnrin sì ń rọra kó wọn sẹ́yìn.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí àga rẹ̀ fi ń ké.

"Ẹ fi búrẹ́dì bù ú jẹ," Ìyá wí, ó sì gbé èyí tó nípọn bíi bíríkì fún un. "Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ wá parí orí ọkọ mi. Mi ò lè máa wo ìdajì ènìyàn nínú ilé."

Báyìí ni Bàbá ṣe jókòó láàárín wọn, tó ń fi búrẹ́dì bu ẹ̀wà, tí onígbàjámọ̀ ń gẹ ìdajì tó kù. Ẹni tó bá sì ní abẹ lọ́wọ́, tó ní ogún obìnrin níwájú, ṣé ó lè dákẹ́?

"Ẹ wò ó, ẹ̀bi mi kọ́," ó bẹ̀rẹ̀. "Mo tẹ orí wọn ba, mo ń fá ẹ̀yìn. Aránṣọ yìí wọlé wẹ́rẹ́, ó lẹ nǹkan mọ́ ògiri ẹ̀yìn wa, ó béèrè ṣíbí, mo ní kí ni mo fẹ́ fi ṣíbí gẹ̀? Ó jáde. Nígbà tí ọ̀gá gbórí sókè, wọ́n rí àwòrán náà nínú dígí. Inú wọn dùn! Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ló ṣe é, ẹ wo ìyàwó mi níwájú!' Wọ́n wá rí ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní, 'Ta wá ni òmùgọ̀ tó ń kẹ́yìn sí àwọn ìyá rẹ̀ yìí?' Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Nínú dígí, ọ̀tún ni sípánà wà."

"Parí iṣẹ́ ẹ," Bàbá wí.

"Mò ń parí ẹ̀, ọ̀gá. Ni wọ́n bá yíjú padà láti wo ojúlówó."

Onígbàjámọ̀ fá ìwọ̀nba tó kù, ó nu abẹ rẹ̀.  Bàbá fi búrẹ́dì nu ìdí abọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abọ́ náà ti mọ́ tipẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde pẹ̀lú orí tó ń dán, ó mú ọ̀bẹ kan lórí tábìlì, ó gbé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù há apá, ó sì jáde lọ bá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Àwọn àwòrán ń mì lórí okùn. Ọgbọ̀n géètì, ọgbọ̀n Ìyá, ọgbọ̀n Ọ̀gá Òsì tó ń lọ. Ó rìn kọjá láàárín wọn bí ẹni tó ń gba àárín ọjà kọjá tí ẹnikẹ́ni ò kí.

"O mọ̀ ọ́n ṣe," ó wí níkẹyìn. "Àní ẹ̀yìn bàtà mi. Ó jẹ lápá kan, bẹ́ẹ̀ lo ṣe gbẹ́ ẹ."

"Bàtà tiyín kọ́ ni mo ní lọ́kàn, Bàbá. Ẹnikẹ́ni ni."

"Mo mọ̀. Àṣìṣe ni." Ó gbé ilẹ̀kùn náà ka ilẹ̀, ó lóṣòó tì í, ó sì na ìdí ọ̀bẹ sí i. "Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn, kí n máa tún àṣìṣe ṣe. Kò tó nǹkan. Fà, fà, fà, ó ti tán. Ọgbọ̀n tó kù á jáde láìsí mi níbẹ̀. Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n ti sọ mí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀? Ẹ̀yìn-síyàwó. Láàárín ìdajì wákàtí! Wọ́n á máa pè mí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi sin mí."

Agbẹ́pákó gba ọ̀bẹ náà. Èyí tó wúlò fún igun ni. Ó gbé ẹnu rẹ̀ lé sípánà kékeré náà lára pákó, kò sì tíì tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ: fà mẹ́ta. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó fẹ́ràn orí rẹ̀ tó ń dán, àti àwọn abọ́ tó fọ̀ lálẹ́ àná nítorí pé kò mọ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀. Ó ronú pé bí ó bá gbẹ́ sípánà nìkan kúrò, ọwọ́ yóò ṣófo, ọkùnrin ẹnu géètì yóò sì tún di ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mọ̀ nípa pákó ni pé ibi tó dúdú ṣì lè di ohunkóhun, àmọ́ ibi tí ọ̀bẹ bá ti gbà kọjá, funfun ni títí ayé, kì í padà wá.

Láti inú ilé ni ó ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀: "Ẹ fọ ṣíbí yín o, kí ẹ má lọ fi yíǹkì bọ́ ọmọ!" Ẹ̀rín tẹ̀ lé e.

Ó gbé ọ̀bẹ kúrò lórí pákó. Ó wo bàbá rẹ̀ lójú, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Bàbá, ẹ má bínú. Nígbà tí mo gbẹ́ ẹ, àṣìṣe ni. Láti ọ̀sán àná, kì í ṣe àṣìṣe mọ́. N kò ní gbẹ́ yín kúrò lẹ́nu géètì. Àmọ́ ẹ wo ibí yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Ọ̀bẹ kò tíì kàn án. Bí fèrè bá fọn lọ́la tí mo bá rí yín tí ẹ jókòó lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn Màámi, n ó gbẹ́ yín síbẹ̀, tẹ̀yin ti sípánà yín, n ó sì lo dígí. Ẹ ó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ayé lè rí ibi tí ẹ ti wá. Èyí tó wà lẹ́nu géètì yìí, mò ń fi í sílẹ̀."